Iyọ̀ Inú Omi Kọ́ Ni Iyọ̀ Inú Ọbẹ̀

Gbólóhùn kan ni mo sọ fún Màmá Ìgèdè lórí fóònù ní ọjọ́ náà. Mo ní, "Màmá, ẹ máa mu àgbo yín. Mo ti wọ̀n ọ́n. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò tó nǹkan." Inú wọn dùn. Wọ́n ń wúre fún mi títí owó fóònù wọn fi tán. Ní ọjọ́ kẹrin, àwọn aládùúgbò bá wọn ní ilẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, wọ́n sì sáré gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn.

N kò purọ́ fún màmá. Ẹ̀rọ tí mo lò kò bàjẹ́. Ìṣirò tí mo ṣe kò ní àṣìṣe kan. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ tí mo sọ kì í ṣe òótọ́. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi, àti fún ẹ̀yin olùkọ́ àti òbí tí ẹ ń rán wa lọ kọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì.

Màmá Ìgèdè ni ìyá tó bí bàbá mi. Ìgèdè-Èkìtì ni wọ́n ń gbé, ní ojú ọ̀nà tó gba Ìyìn kọjá láti Adó. Ẹni ọdún 78 ni wọ́n nígbà náà. Láti kékeré wa, bí ibà bá fẹ́ mú ẹnikẹ́ni nínú ilé, màmá á já ewé dógóyárò àti ewé ìbẹ́pẹ, wọ́n á wá èèpo ahùn àti èèpo ọ̀gánwó, wọ́n á gé ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, wọ́n á sì gbé ìkòkò kaná. Kò sí ọmọ tó mu àgbo náà tí omijé kò bọ́ lójú rẹ̀. "Ohun tó korò ló ń lé ibà," ni wọ́n máa ń wí, tí wọ́n á sì fi ìrèké pa wá lẹ́nu mọ́.

Nígbà tó yá, orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n, wọn kò lè wọ igbó lọ wá èèpo igi mọ́. Wọ́n wá ń ra àgbo lọ́wọ́ obìnrin kan tó ń gbé kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ kalẹ̀ ní gáréèjì, tó ń rọ àgbo sínú ìgò omi oníke 50 sẹ̀ǹtílítà fún àwọn oníbàárà. Àgbo náà dúdú bí aró. Ó korò ju ti màmá lọ, wọ́n sì ní ó ń ṣiṣẹ́ ju tàwọn lọ pẹ̀lú. Ìgò kan ni wọ́n ń mu lójúmọ́, ìdajì láàárọ̀, ìdajì lálẹ́. Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí wọ́n fi sọ fún bàbá mi pé etí àwọn ń hó, bí ìgbà tí ìrẹ̀ bá ń ké nínú rẹ̀ tọ̀sán-tòru.

Nọ́ọ̀sì kan wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ etí yìí, ó béèrè pé, "Màmá, ṣé ẹ ń lo kíníìn ni?" Màmá bínú. Wọ́n ní ewé àti èèpo igi làwọn ń mu, àwọn kò mọ oògùn òyìnbó kankan. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì mọ ohun tó ń sọ. Bí kíníìn bá pọ̀ jù lára ènìyàn, etí á máa hó, òòyì á máa kọ́ ọ, ojú lè ṣú, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sì lè lọ sílẹ̀ débi tí ẹni náà á fi ṣubú. Ó ní kí bàbá mi wá ọ̀nà láti yẹ àgbo náà wò.

Bàbá mi pè mí. Mo wà ní ọdún kẹta nínú ẹ̀kọ́ kẹ́mísírì ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Adó-Èkìtì. Ẹ sì mọ bó ṣe rí nílẹ̀ wa: bí ọmọ kan bá wọ yunifásítì, gbogbo ẹbí ló bá a wọ̀ ọ́. Bàbá mi ní, "Ṣebí kẹ́mísírì lò ń kà? Bá wa wo ohun tó wà nínú àgbo yìí." Wọ́n fi ìgò méjì rán awakọ̀ sí mi. Mo gbà á ní ìsọ̀rí ọkọ̀ Ìgèdè, mo dì í mọ́ àyà bí ẹyin.

Kíníìn ní àmì kan tí kò lè fi pa mọ́. Ẹ̀yin náà ti rí tọ́ọ̀ṣì kékeré aláwọ̀ àlùkò tí àwọn oní-POS máa ń tàn sí ojú owó náírà láti mọ èyí tó jẹ́ ayédèrú. Ìmọ́lẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ gan-an nínú tọ́ọ̀ṣì náà, ojú ènìyàn kò rí i. Bó bá bọ́ sára àwọn ibì kan lára owó, ibẹ̀ á gbà á wọlé, á sì dá ìmọ́lẹ̀ mìíràn padà tí ojú wa lè rí. Ohun tí wọ́n ń pè ní fluorescence nìyẹn. Bí ẹ bá fi kíníìn díẹ̀ sínú omi tó ní ásíìdì, omi náà á mọ́ bí omi ẹ̀rọ. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì yẹn sí i: á tàn búlúù bí ojú ọ̀run ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ní ọdún 1845, John Herschel kọ ìwé nípa àwọ̀ búlúù yìí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ló fi rí i, nítorí kò sí tọ́ọ̀ṣì nígbà náà. Ní 1852, George Stokes ṣàlàyé bó ṣe ń ṣẹlẹ̀, òun náà ló sì sọ ọ́ lórúkọ. Nítorí náà, kíníìn wà lára ohun tí wọ́n fi kọ́ ìmọ̀ yìí.

Kíníìn fúnra rẹ̀ kì í ṣe àlejò nínú ìtàn wa. Inú èèpo igi kan tí ń hù lórí àwọn òkè ní Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti wá. Èèpo igi ni, gẹ́gẹ́ bí ti màmá. Ní 1820, Pelletier àti Caventou yọ ọ́ kúrò nínú èèpo náà ní ilẹ̀ Faransé, èyí ló sì jẹ́ kí ènìyàn lè wọ̀n ọ́n kó tó mu ún. Ní 1841, ọkọ̀ ojú omi àwọn òyìnbó wọ odò Ọya, ibà sì pa púpọ̀ nínú wọn. Ní 1854, Dókítà Baikie tún gba odò náà lọ nínú ọkọ̀ tó ń jẹ́ Pleiad, ó ń fún àwọn èèyàn rẹ̀ ní kíníìn lójoojúmọ́, òyìnbó kan kò sì kú nínú wọn. Àjàyí Crowther tiwa wà nínú ìrìn-àjò méjèèjì. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, tí àwọn ará Japan gba erékùṣù Java tí èyí tó pọ̀ jù nínú èèpo náà ti ń wá, oògùn ibà di ohun tí a kò gbọ́dọ̀ fi ṣòfò. Ní 1943, Brodie àti Udenfriend ní Amẹ́ríkà tẹ ìwé jáde lórí bí a ṣe lè fi ìmọ́lẹ̀ búlúù náà mọ iye kíníìn tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn. Ọ̀nà tí àwọn yẹn là ni èmi náà fẹ́ tọ̀.

Ẹ̀rọ kan wà nínú yàrá ìṣàyẹ̀wò wa tó ń tan ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò rí, tó jẹ́ 350 nánómítà, sínú omi. Ó ní ojú kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó ń gba ìmọ́lẹ̀ búlúù, 450 nánómítà, tí omi náà bá dá padà. Bí ìmọ́lẹ̀ náà bá ṣe pọ̀ tó ni nọ́ńbà tí ẹ̀rọ ń kọ ṣe ń pọ̀ tó. Ọkùnrin tó ń bójú tó yàrá náà, Ọ̀gá ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Wọn kì í pariwo. Bí wọ́n bá rí ẹni tó ń ṣe àṣìṣe, wọ́n á kàn dúró lẹ́yìn rẹ̀ títí yóò fi wo ẹ̀yìn. Ọjọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀, mo nawọ́ mú ìgò ásíìdì háídírókílóríìkì. Ọ̀gá dúró lẹ́yìn mi. "Kílóráìdì inú èyí máa ń pa ìmọ́lẹ̀ kíníìn," ni wọ́n wí. "Sọ́fúríìkì ni kó o lò." Mo dúpẹ́, mo pààrọ̀ rẹ̀.

Mo kọ́kọ́ ṣe omi òṣùwọ̀n. Mo wọn kíníìn sọ́fétì tó mọ́, mo yọ́ ọ sínú ásíìdì tí mo ti fi omi là, mo ṣe èyí tó ní mílígíráàmù 1 nínú líta kan, èyí tó ní 2, èyí tó ní 3 àti èyí tó ní 4. Ẹ̀rọ kọ 50, 100, 150 àti 200. Ẹ ò rí i pé ó rọrùn? Mílígíráàmù kan, 50. Mo wá sẹ́ àgbo gáréèjì, mo fa mílílítà 1 nínú rẹ̀, mo fi ásíìdì tí mo là náà sọ ọ́ di 100. Nítorí pé ewé àti èèpo igi náà lè ní ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ tiwọn, mo ti bẹ màmá kí wọ́n ní kí ọmọ aládùúgbò bá wọn wá irú ewé àti èèpo kan náà, kí wọ́n fọwọ́ ara wọn se é, kó ki bíi ti gáréèjì, kí wọ́n sì fi ránṣẹ́. Mo ṣe tiwọn náà bákan náà. Ti màmá kọ 9. Ti gáréèjì kọ 129. Mo yọ 9 kúrò nínú 129, ó ku 120.

Mo pín 120 sí 50, ó jẹ́ 2.4. Mo ti là á ní ìlọ́po 100, nítorí náà mílígíráàmù 240 ló wà nínú líta àgbo kan, 120 nínú ìgò 50 sẹ̀ǹtílítà. Hóró kíníìn kan tí wọ́n ń tà ní kẹ́mísítì jẹ́ 300. Ìgò kan kò tó ìdajì hóró kan.

Ó yẹ kí n ti dúró níbẹ̀ kí n ronú. Ohun tí kò yẹ kó wà nínú àgbo rárá ti wà níbẹ̀. Etí màmá sì ń hó. Ó yẹ kí n fi ìwé mi han Ọ̀gá, ṣùgbọ́n wọ́n ti lọ sí ìnáwó òkú ní Ìkéré, n kò sì ní sùúrù láti dúró dè wọ́n. Ká má purọ́, mo fẹ́ kí màmá mọ̀ pé ọmọ wọn ti di ẹni tó mọ nǹkan. Mo sì mọ̀ pé wọ́n fẹ́ràn àgbo náà. Bí mo ṣe pè wọ́n nìyẹn, tí mo ní kí wọ́n máa mu ún. Bí ọmọ tó ń ka kẹ́mísírì ṣe ti fọwọ́ sí i, màmá sọ ìgò kan lójúmọ́ di méjì, kí ibà lè lọ pátápátá.

Ní ilé ìwòsàn, dókítà sọ pé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn ti lọ sílẹ̀ gan-an. Wọ́n fa omi oníṣúgà sí wọn lára, wọ́n ní kí àgbo dúró. Mo dé láti Adó pẹ̀lú ìwé mi lọ́wọ́. Dókítà wò ó, wọ́n tún wo màmá, wọ́n ní, "Iye tó o kọ síbí kéré sí ohun tí mò ń rí lára wọn. Lọ tún un wọ̀n." Màmá ṣe bí ẹni pé àwọn kò gbọ́. Wọ́n di ọwọ́ mi mú. Kò sí ọ̀rọ̀ ìbáwí kan tí wọn ì bá sọ tí ì bá dùn mí tó ọwọ́ náà.

Ọ̀gá ti dé nígbà tí mo padà. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún wọn. Wọ́n bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Inú kí ni kíníìn òṣùwọ̀n rẹ wà?"

"Inú ásíìdì tó mọ́ ni, sà."

"Èyí tí màmá ń mu ńkọ́?"

N kò dáhùn. Wọ́n mú túùbù onígíláàsì méjì. Wọ́n da ásíìdì mímọ́ sínú ọ̀kan, wọ́n da àgbo tí màmá fúnra wọn sè, tí a ti là ní ìlọ́po 100, sínú èkejì. Wọ́n kán ẹ̀kán kíníìn kan náà sínú méjèèjì, wọ́n pa iná, wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì àlùkò sí wọn. Túùbù àkọ́kọ́ tàn búlúù gan-an. Èkejì tàn bí iná fìtílà tí epo rẹ̀ fẹ́ tán. Kíníìn kan náà ni, ẹ̀kán kan náà ni.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ṣòro. Àwọ̀ dúdú tó jáde láti inú èèpo igi ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì nígbà tó bá ń wọlé, kó tó kan kíníìn. Díẹ̀ nínú èyí tí kíníìn bá sì dá padà, ó tún ń gbé e mì lójú ọ̀nà. Kíníìn ń sọ̀rọ̀, àgbo ń bò ó lẹ́nu. Èmi wá gbọ́ ohùn kékeré, mo sì sọ pé ẹni kékeré ló ń sọ̀rọ̀.

Ọ̀nà àbáyọ tí Ọ̀gá kọ́ mi ni wọ́n ń pè ní standard additions. Èmi ń pè é ní àfikún òṣùwọ̀n. Ohun tó wà nídìí rẹ̀ ni pé bí àgbo bá ń bo kíníìn lẹ́nu, ẹ jẹ́ kí òṣùwọ̀n náà wọ inú àgbo kan náà, kí a bò ó lẹ́nu bákan náà. Mo mú fúláásì mẹ́rin. Mo fi mílílítà 1 àgbo gáréèjì sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. N kò fi nǹkan kan kún ti àkọ́kọ́. Mo fi kíníìn kún èkejì tí yóò jẹ́ mílígíráàmù 2 nínú líta kan, mo fi 4 kún ẹ̀kẹta, mo fi 6 kún ẹ̀kẹrin. Mo fi ásíìdì sọ gbogbo wọn di mílílítà 100. Nígbà tí mo yọ 9 ti ewé kúrò, tí mo sì ti wọ̀n wọ́n ní ẹ̀ẹ̀mẹta mẹ́ta kí n tó gba ìwọ̀n àárín wọn, ohun tó kù sún mọ́ 120, 160, 200 àti 240.

Ẹ bá mi wò ó dáadáa. Nínú omi mímọ́, bí mo bá fi mílígíráàmù 2 kún un, nọ́ńbà á gbéra ní 100. Nínú àgbo, 40 péré ló fi gbéra. Mílígíráàmù kan kò jẹ́ 50 mọ́, 20 ni. Nítorí náà, 120 tí mo rí lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kì í ṣe 2.4, bí kò ṣe 6. Bí ẹ bá ya á sórí gíráàfù, àmì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á tò sórí ìlà kan tó gún. Ẹ fa ìlà náà padà sẹ́yìn títí ìmọ́lẹ̀ yóò fi di òdo. Á kan ilẹ̀ ní 6, ní apá òsì òdo. Iye tó wà nínú àgbo kí ẹnikẹ́ni tó fi ohunkóhun kún un nìyẹn. Ìlọ́po 100, ó di mílígíráàmù 600 nínú líta kan, 300 nínú ìgò kan. Odidi hóró kan. Èmi ti sọ pé kò tó ìdajì. Màmá sì ń mu ìgò méjì lójúmọ́ nítorí ọ̀rọ̀ mi.

Mo jókòó sórí àga gíga inú yàrá náà, n kò lè dìde fún ìgbà díẹ̀. Ọ̀gá kò bá mi wí. Wọ́n ní kí n má pa 240 rẹ́ nínú ìwé mi, kí n fa ìlà kan gbà á, kí n kọ 600 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí n kọ ọjọ́, kí n sì fọwọ́ sí i.

Wọ́n tún kìlọ̀ fún mi kí n má rò pé àfikún òṣùwọ̀n ń wo gbogbo àrùn sàn. Ó ń ṣàtúnṣe ohun tó ń bo kíníìn lẹ́nu. Kò lè ṣàtúnṣe bí ẹlòmíràn bá ń bá kíníìn sọ̀rọ̀ pọ̀. Ìdí nìyẹn tí àgbo tí màmá fúnra wọn sè fi ṣe pàtàkì: òun ló jẹ́ ká mọ ìmọ́lẹ̀ tí ewé àti èèpo ní fúnra wọn, ká tó yọ ọ́ kúrò. Bí ìlà kò bá sì gún, kò yẹ kí a fà á padà sẹ́yìn rárá. Lékè gbogbo rẹ̀, nǹkan tó ń tàn búlúù pọ̀ láyé. Nítorí náà Ọ̀gá bu iyọ̀ díẹ̀ sínú túùbù náà. Ìmọ́lẹ̀ búlúù rọ, bí ti kíníìn ṣe ń rọ bí kílóráìdì bá kàn án. Wọ́n tún kán àgbo náà àti kíníìn gidi sórí àwo pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń ya nǹkan sọ́tọ̀, méjèèjì sì gùn dé ibì kan náà. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n tó gbà kí n pè é ní kíníìn.

Bàbá mi fẹ́ lọ pe ọlọ́pàá sí alágbo náà. Màmá, tí wọ́n ti ń rìn díẹ̀díẹ̀, kọ̀. Wọ́n ní, "Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ bi í. Bí a kò bá gbọ́ tẹnu oníkùn, a kò tíì dájọ́." A jọ lọ sí gáréèjì. Mo ti ṣe ìṣirò kan sílẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì obìnrin náà ń gba líta 25. Bí líta kan bá ní mílígíráàmù 600, kẹ́ẹ̀gì kan ní 15,000, èyí tó jẹ́ hóró 50. Bí ó bá jẹ́ pé 240 mi ni òótọ́, hóró 20 ni ì bá jẹ́.

Màmá kí i, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀, wọ́n ròyìn bí etí ṣe hó àti bí àwọn ṣe ṣubú. Ojú obìnrin náà yí padà. Mo rọra béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé bí hóró kíníìn 50 lẹ ń lọ̀ sínú kẹ́ẹ̀gì kan?"

Ó tẹjú mọ́ mi. "Ta ló sọ fún ọ?" Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó ní 50 ni lóòótọ́, nígbà mìíràn ó lé díẹ̀. Ó ní àwọn awakọ̀ máa ń ṣàròyé pé àgbo òun kò mú àwọn lára kíákíá, pé ẹnì kan ló gba òun nímọ̀ràn láti lọ kíníìn sí i, nítorí pé kíníìn náà korò, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Kò mọ̀ pé ó lè gbé àgbàlagbà ṣubú. Ó da èyí tó kù nínú kẹ́ẹ̀gì nù lójú wa. Síbẹ̀, bàbá mi fi ọ̀rọ̀ náà tó àwọn elétò ìlera ìjọba ìbílẹ̀ létí, mo sì gbà pẹ̀lú wọn. Ẹkún kò lè dá àwọn ìgò tí wọ́n ti rà lọ padà, a kò sì mọ aboyún tàbí ọmọdé tó ń mu nínú wọn.

N kò kọ èyí láti bú àgbo, n kò sì kọ ọ́ láti bú kíníìn. Kíníìn gba ẹ̀mí púpọ̀ là. Àwọn dókítà ṣì mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n lò ó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láti 2005 ni ìjọba wa ti fi àwọn oògùn alápapọ̀ tó ní èròjà tí a ṣe láti ara artemisinin nínú ṣe èyí tí a kọ́kọ́ ń lò fún ibà. Ìwọ̀n ló ya oògùn sọ́tọ̀ kúrò lára májèlé. Ẹni tó bá sì máa sọ ìwọ̀n fún ọmọlàkejì, kó rí i dájú pé ibi tí nǹkan náà ń gbé gan-an ló ti wọ̀n ọ́n.

Nígbà tí màmá gbádùn tán, mo lọ kí wọn. Wọ́n wà nídìí ọbẹ̀ ẹ̀gúsí. Mo dọ̀bálẹ̀ ọ̀rọ̀, mo bẹ̀ wọ́n, mo sì gbìyànjú láti ṣàlàyé bí mo ṣe ṣìnà: pé inú omi mímọ́ ni mo ti kọ́ bí kíníìn ṣe ń tàn, mo wá fi ìyẹn ṣèdájọ́ èyí tó wà nínú àgbo, pé ọ̀gá mi ló kọ́ mi pé kí n fi díẹ̀ tí mo mọ iye rẹ̀ kún àgbo fúnra rẹ̀, kí n wo bó ṣe máa ṣe sí.

Màmá ń wò mí. Wọ́n bu iyọ̀ sórí ọwọ́, wọ́n wọ́n ọn sínú ọbẹ̀, wọ́n rò ó, wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n tún fi díẹ̀ sí i. Wọ́n wá ní, "Àbẹ̀kẹ́, ohun tí ẹ fi ọdún mẹ́ta kọ́ ní Adó náà nìyí? Ta ní í tọ́ iyọ̀ wò nínú omi kó tó mọ̀ bóyá iyọ̀ ọbẹ̀ tó? Iyọ̀ inú omi kọ́ ni iyọ̀ inú ọbẹ̀."

Mo rẹ́rìn-ín, omijé sì bọ́ lójú mi. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá fẹ́ fi nọ́ńbà kan pe màmá lórí fóònù, ìbáà jẹ́ iye owó ọkọ̀ tàbí máàkì ìdánwò mi, wọ́n á kọ́kọ́ dá mi dúró. Wọ́n á ní, "Ṣé inú omi lo ti wọ̀n ọ́n, àbí inú ọbẹ̀?"